Àmì Ohùn Kọ́ Ló Ń Fa Ẹ̀rọ Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí èyí kọjá lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè gan-an ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni bóyá ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí àwọn ọmọ wa yóò máa lò lórí ẹ̀rọ, tàbí wọn yóò di ẹyọ kan ṣoṣo nítorí pé ẹnì kan ń kánjú.

Ìmọ̀ràn kan ti ń tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún èdè wa. Ìmọ̀ràn náà ni pé bí ètò bá ń falẹ̀ nígbà tí ó ń to àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún kíkà, kí á yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà dànù. Wọ́n ní àwọn àmì wọ̀nyí wúwo. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ kò ní wa lọ́kàn. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà fúnra rẹ̀ kò dára rárá, mo sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ fún yín pé irọ́ ni.

Ní Máfolúkù níbí tí mo ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ń ṣe àdàkọ, ni wọ́n ń lò lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ tán. Bàálù ń ké lórí wọn láti pápá ọkọ̀ òfúrufú, iná ń lọ, iná ń dé. Ètò tí wọ́n fi ń tú àkójọ ọ̀rọ̀ wọn jáde bí ìwé a máa gba àkókò tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi ń lọ kí ó tó parí. Epo jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣeré mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Wọ́n wá lọ bá ẹnì kan tí wọ́n gbà pé ó mọ̀ jù wọ́n lọ. Ẹni náà wo iṣẹ́ wọn fírí, ó ní kí wọ́n bọ́ gbogbo àmì kúrò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò náà sì yára lóòótọ́! Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn bí ẹni pé ẹ̀rí ti dé.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ẹ̀rí náà wò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á lóye ni irú ohun tí ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde. Ìwé atúmọ̀ èdè kì í ṣe ìlà kan tẹ̀lé ìlà kan lásán. Ọ̀rọ̀ kan ní ìtumọ̀ mélòó kan nínú, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn, gbólóhùn sì ní àpólà orúkọ àti àpólà ìṣe, àpólà ìṣe lè tún gbé odidi gbólóhùn mìíràn pọ̀n. Ohun tó wà nínú ohun tó wà nínú ohun ni. Àwa tí a ń kọ́ gíráámà mọ èyí dunjú, nítorí pé a ti ń fi àkámọ́ nínú àkámọ́ hàn án lójú pátákó ṣáájú kí ọ̀pọ̀ wa tó fojú kan kọ̀ǹpútà. Kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá tí kò lọ sí ilé ìwé kankan. Ẹ wo òǹkà wa: ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá nínú rẹ̀, ó di àádọ́ta, ẹ tún yọ márùn-ún nínú ìyẹn, ó di márùndínláàádọ́ta. Nọ́ńbà 45 tí òyìnbó kọ ní àmì méjì péré, àgọ́ mẹ́ta ló wà nínú tiwa, ọ̀kan nínú èkejì. Ìyàwó ilé tó ń ka owó lọ́jà Òṣòdì ń tú àkámọ́ mẹ́ta ká nínú ọkàn rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni láti wá ràn án lọ́wọ́.

Agboolé ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àdúgbò ní agboolé nínú, agboolé ní ilé, ilé ní yàrá, yàrá ní àpótí, àpótí ní aṣọ. Bí a bá ní kí ètò kọ̀ǹpútà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ojú ènìyàn yóò lè tẹ̀lé, ó gbọ́dọ̀ wọ inú ohun kọ̀ọ̀kan lọ, kí ó kọ ohun tó rí, kí ó sún ìlà wọnú díẹ̀ sí i bí ó bá ṣe ń jinlẹ̀ sí, kí ó sì tún jáde. Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó yẹ kí ó ná ẹ̀rọ ni iye ohun tó wà nínú agboolé: bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, kí àkókò di ìlọ́po méjì, kò yẹ kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó kọ ètò ni kí á bi léèrè.

Kí ló wá ń mú un falẹ̀? Mo jókòó ti ètò àwọn ọmọ wa wọ̀nyí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti ń rí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún pípẹ́.

Èdè Java ni wọ́n fi kọ ètò wọn. Nínú Java, ọ̀wọ́ lẹ́tà tí a bá ti ṣe tán kò ṣe é yí padà. Bí o bá ní kí ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ kan kún ìdí èyí tó wà nílẹ̀, kì í fi kún un rárá. Ńṣe ló ń wá àyè tuntun, ó ń da gbogbo ti àtẹ̀yìnwá kọ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá kọ tuntun sí i. Ẹ fojú inú wo dánfó kan tó ń gbé èrò láti Òṣòdì wá sí Máfolúkù. Ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí èrò kan ṣoṣo bá fẹ́ wọlé, kọ̀ńdọ́kítọ̀ yóò ní kí gbogbo àwọn tó ti jókòó sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n lọ bọ́ sínú dánfó mìíràn tó fi díẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ẹni tuntun náà tó wá wọ̀ ọ́. Ta ni kò ní bú kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà? Síbẹ̀ ohun tí ètò wọn ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n sì ń bú àwọn èrò ọkọ̀ pé wọ́n sanra.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í tijú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ọ̀rọ̀ 20,000 ló wà nínú àkójọ kan, tí àlàyé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ lẹ́tà 300. Gbogbo ìwé náà jẹ́ lẹ́tà 6,000,000. Bí a bá ń da ohun àtẹ̀yìnwá kọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, títí dé 20,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ọ̀nà mílíọ̀nù 200. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 300, ó di lẹ́tà bílíọ̀nù 60. Nítorí ìwé tí kò ju mílíọ̀nù 6 lọ! Ẹ wá yọ àmì. Ká ní àlàyé kọ̀ọ̀kan dín kù láti 300 sí 240. Bílíọ̀nù 48 ló ṣì kù. Àmì ohùn tí wọ́n fi rúbọ kò ra ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ètò náà ṣì ń da omi sínú agbọ̀n.

Oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì ti pẹ́. Nínú Java kan náà, StringBuilder wà fún iṣẹ́ yìí. Àpò kan tó ní àyè sílẹ̀ ni, o ń kó ọ̀rọ̀ sí i léraléra, ìgbà tó bá kún nìkan ni ó tó ń fẹ ara rẹ̀ sí i. Nínú Python, kó gbogbo ẹyọ rẹ̀ sínú àkójọ kan, kí o sì fi join so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìparí. Tàbí kí o máa kọ ọ́ tààrà sínú fáìlì bí o bá ṣe ń rìn. Ìlà mẹ́ta ni a yí padà nínú ètò àwọn ọmọ Máfolúkù. Mo tún ní kí wọ́n dá àmì wọn padà kí wọ́n tó dán an wò. Kí ẹni tó lọ bu omi mu tó padà dé, ó ti parí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Irú àdàkọ kan tún wà tó fara pamọ́ sínú agboolé. Ọ̀pọ̀ ètò ni a kọ báyìí: yàrá yóò kọ ìròyìn tirẹ̀ sórí ìwé, yóò fà á lé ilé lọ́wọ́, ilé yóò da gbogbo rẹ̀ kọ, yóò sún gbogbo ìlà wọnú díẹ̀, yóò fà á lé agboolé, agboolé yóò tún da gbogbo rẹ̀ kọ, yóò tún sún un. Ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí di ohun tí a kọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí gbólóhùn bá jinlẹ̀, bíi gbólóhùn tó gbé awẹ́ gbólóhùn asàpèjúwe mẹ́ta pọ̀n, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ohun tó yẹ ni kí a sọ fún yàrá láti ìbẹ̀rẹ̀ pé báyìí ni o ṣe jinlẹ̀ sí, kí ó fi àyè tó yẹ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí gbogbo ilé ń kọ sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè kan tó dùn mọ́ èmi gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Nígbà tí a bá ń to àkámọ́ gbólóhùn sílẹ̀, a fẹ́ kí èyí tó kúrú wà lórí ìlà kan, kí èyí tó gùn nìkan já sí ìlà púpọ̀. Báwo ni ètò yóò ṣe mọ̀ pé àpólà kan yóò gba ìlà kan tàbí kò ní gbà á? Ọ̀nà ọ̀lẹ ni pé kí ó kọ odidi àpólà náà jáde, kí ó wọ̀n ọ́n, bí kò bá gbà á, kí ó da ohun tó kọ nù, kí ó wọ inú rẹ̀ lọ, kí ó tún ṣe bákan náà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Pprint tó wà nínú Python ń ṣe báyìí. Aránṣọ tó ń rán odidi agbádá tán kí ó tó wọ̀n ọ́n mọ́ ọ lára, tí yóò sì tú gbogbo rẹ̀ bí kò bá ṣe déédéé, owó òwú ni yóò pa á.

Derek Oppen ti yanjú èyí láti ọdún 1980, nínú iṣẹ́ kan tí ó pè ní "Prettyprinting". Ohun tó rí rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú yóò fi ti ènìyàn pé òun kò rí i. Ìlà kò fẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ká sọ pé 80. Bí o bá ti wo iwájú dé 80 tí àpólà kò sì tíì parí, o ti mọ ìdáhùn. Kò sí ìdí fún ọ láti ka ìyókù, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Nítorí náà, àkókò tí ọ̀nà rẹ̀ ń gbà kò ju bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó lọ, ìrántí tí ó ń lò kò sì ju bí ìlà bá ṣe fẹ̀ tó lọ. John Hughes ní 1995 àti Philip Wadler lẹ́yìn rẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀nà tiwọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Oppen ti sọ tirẹ̀. Síbẹ̀ a wà ní Èkó, a ń bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀ Yorùbá kí ó lè sáré.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ gbà pé àwọn àmì wọ̀nyí ń ná ẹ̀rọ ní nǹkan." Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí á sọ iye rẹ̀, kí á má máa fi gbogbo ẹnu pariwo. Lẹ́tà a jẹ́ báìtì kan. Lẹ́tà á jẹ́ báìtì méjì ní UTF-8. Ẹ́, tó ní àmì lórí àti ní ìsàlẹ̀, jẹ́ báìtì márùn-ún, nítorí pé kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Unicode fún un: ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì òkè náà ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní "ọ̀rọ̀" jẹ́ báìtì 11. Láti Python 3.3 ti ọdún 2012, tí ẹyọ ẹ tàbí ọ kan bá wọ inú ọ̀wọ́ lẹ́tà kan, gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ yóò máa gba báìtì méjì méjì nínú ìrántí ẹ̀rọ dípò ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ó lè jẹ́ ìlọ́po méjì. Kò lè jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni bílíọ̀nù 60 fi ju mílíọ̀nù 6 lọ, ọwọ́ ẹni tó kọ ètò ló sì ti wá.

Kódà, ìdí mìíràn wà tí àwọn àmì fi ń dà bí ẹni pé wọ́n wúwo. Bí a bá fi json.dumps ti Python gbé dátà jáde láìsọ ohunkóhun fún un, yóò gbà pé ẹ̀rọ kejì kò gbọ́ ju ASCII lọ. Kò ní kọ ọ̀rọ̀ bí a ṣe kọ ọ́. \u1ecd\u0300r\u1ecd\u0300 ni yóò kọ. Báìtì 11 ti di 25. "Yorùbá" tó jẹ́ 8 ti di 16. Ojú kò rí i kà, fáìlì ti wú, ẹni tó ń ra dátà íntánẹ́ẹ̀tì láti fi rán an sí ẹlòmíràn ń san owó lórí ẹ̀yìn-àtẹ̀gùn tí kò gùn. Gbólóhùn kan péré ni oògùn rẹ̀: ensure_ascii=False. RFC 8259 ti oṣù Kejìlá 2017 ti sọ ọ́ ní kedere pé UTF-8 ni kí JSON máa bá rìn láàrin ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá tún fi indent sí i kí ó lè rẹwà, ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Python, títí kan 3.8 àti 3.12, ẹ ti fi ọ̀nà tó yá sílẹ̀ nìyẹn. Apá tí wọ́n fi èdè C kọ kì í ṣiṣẹ́ mọ́, Python lásán ni yóò máa rìn. Ìyẹn kò kan Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì náà ń jìyà rẹ̀. Ẹ fi indent sí èyí tí ènìyàn yóò kà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ̀rọ yóò kà.

Ó ku ìbéèrè kan. Bí yíyọ àmì kò bá ra ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kí ló dé tí ètò àwọn ọmọ wa yára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́? Ìbéèrè yìí ni ẹni tó fún wọn ní ìmọ̀ràn kò bi ara rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dunni.

Nínú àkójọ wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ àpótí tí àlàyé rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àpótí méjì kò lè jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: oko tí a ti ń ro, òkò tí a ń sọ lu ẹyẹ, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ẹ bọ́ àmì lára wọn, gbogbo wọn di "oko". Ètò fi èkejì lé àkọ́kọ́ lórí, ó fi ẹ̀kẹta lé èkejì, èyí tó dé gbẹ̀yìn nìkan ló kù. Kò sí ariwo, kò sí ìkìlọ̀. RFC yẹn kan náà gba àwọn ènìyàn níyànjú kí orúkọ má ṣe jọra, ó sì sọ pé ọ̀pọ̀ ètò a máa fi ti ìkẹyìn nìkan hàn. Igba tí a ń kà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí a ń lò, igbà tí ọ̀kọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ: ẹyọ kan.

Ẹ padà sí ìṣirò wa. Ká ní lẹ́yìn tí àwọn ọ̀rọ̀ ti gbé ara wọn mì, 14,000 ló kù nínú 20,000, pẹ̀lú lẹ́tà 240 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àdàkọ bílíọ̀nù 60 di nǹkan bíi bílíọ̀nù 23 àti ààbọ̀. Ìdí nìyí tó fi yára! Ọ̀rọ̀ tó sọnù ló ra apá tó pọ̀ jù nínú eré náà. Bí ènìyàn bá jù ìdajì ẹrù rẹ̀ sínú ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ yóò sáré, kò sì yẹ kí ó wá máa kọ́ àwọn atukọ̀ bí a ṣe ń tukọ̀.

Ẹ rántí iye ọdún tí a fi kó ẹrù yìí jọ. Àpérò lórí àkọtọ́ Yorùbá wáyé ní Èkó yìí ní ọdún 1875. Ìwé atúmọ̀ èdè àwọn CMS jáde ní 1913, ti Abraham ní 1958, Bámgbóṣé kọ ìwé lórí àkọtọ́ ní 1965, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Àwọn tó tẹ ìwé Abraham kò ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n tẹ àmì ohùn. Kí ẹ̀rọ tó lè ka ìwé odidi yàrá ìkàwé kan láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan wá jẹ́ àwáwí tí a fi pa á rẹ́, n kò lè gbà á. A ti ń gbé nínú irú ìparẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ná. Ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà: Oshodi, Isolo, Mafoluku. Àwa tí a bí síbẹ̀ mọ bí a ṣe ń pè wọ́n. Ẹni tó bá kà á ní London tàbí ní Houston, àròbájọ ni yóò máa ṣe.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún àwa onímọ̀ èdè náà, nítorí a kò mọ́ lọ́wọ́ tán. A máa ń kó fáìlì lé àwọn ọ̀dọ́ yìí lọ́wọ́ tí ọ̀rọ̀ kan náà wà níbẹ̀ ní oríṣi mẹ́ta. Ẹnì kan tẹ ẹ, ó fi àmì òkè lé e. Ẹnì kejì tẹ é, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ẹnì kẹta tẹ e, ó fi méjèèjì kún un. Lójú, ẹ́ ni gbogbo wọn. Nínú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ètò yóò sì wá ọ̀rọ̀ títí kò ní rí i. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi sọ pé kí á yọ àmì, "kí gbogbo rẹ̀ lè bára mu." Unicode ti pèsè ìlànà fún èyí, NFC ni orúkọ rẹ̀: gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò di ẹ pẹ̀lú àmì òkè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí a ti ṣe é, lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ń wọlé. Mo ti rí ètò tó ń ṣe é fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìpele agboolé nígbà tí ó ń tẹ̀wé jáde. Ẹni tó ti wẹ̀ kí ó tó kúrò nílé kò nílò láti tún wẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn olùṣètò máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá bi Python pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú "ọ̀rọ̀", yóò ní márùn-ún. Ojú rí mẹ́ta. Nítorí náà ètò tó ń fi ìyẹn wọn ìlà yóò máa já ìlà kí ó tó kún, àwọn ìlà yóò sì wọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi àmì ohùn; ẹni tó ń ka òjìji mọ́ ènìyàn ló ṣìrò. Kí ó fo àwọn àmì tí kò gba àyè nígbà tí ó bá ń wọn ìlà. Ìlà méjì ni.

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ti àwọn tó ní, "Àwọn ènìyàn kì í tẹ àmì nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀." Òótọ́ ni. Bọ́tìnì fóònù kò rọrùn, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a kò sì kọ́ ní àmì ohùn rí. Ẹ ṣe atọ́ka kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wọn: kí "oko" láìsí àmì máa tọ́ka sí gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹni tó ń wá a yan èyí tó fẹ́. Ìyẹn ni kíkọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n atọ́ka ni yóò jẹ́, kì yóò jẹ́ ìwé náà fúnra rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tó ní àmì, a lè rí èyí tí kò ní àmì láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Láti inú èyí tí kò ní àmì, àwọn onímọ̀ ń fi ọdún gbáko kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe máa dá àmì padà, ẹ̀rọ náà sì ń ṣì í.

Àwọn ọmọ Máfolúkù ní ẹ̀dà àtijọ́ lórí fóònù ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn ló kó wọn yọ. Wọ́n ti dá àwọn àmì padà, wọ́n ti yí orúkọ àpótí wọn sí nọ́ńbà, kí ọ̀rọ̀ tó jọra pátápátá, bíi ti "ojú" tó ní ìtumọ̀ púpọ̀, má baà tún gbé ara wọn mì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí àkójọ ọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ẹ gbọ́ o. Bí ètò yín bá ń falẹ̀, ẹ mú un wá kí á jọ wò ó. Ẹ mú iye ọ̀rọ̀ tó wọlé àti iye tó jáde wá pẹ̀lú. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, n kò ní ka ojú-ewé kejì.